Láti Ìdájí Dé Alẹ́ Lókè Ọ̀pẹ

Ẹmu tí a ń mu ní Adó-Èkìtì, ní Ìyìn àti ní Ìgèdè, ẹnì kan ló gun òkè lọ gbé e wá. A mọ ìyá tó ń tà á, a mọ ilé ẹlẹ́mu tí tiwọn dùn jù, a sì lè jókòó síbẹ̀ di alẹ́ ká máa jiyàn lórí òṣèlú. Ẹni tó gun ọ̀pẹ, àfi bó bá jábọ́ ni a ó tó dárúkọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ tẹ̀ lé e fún ọjọ́ kan, láti wákàtí dé wákàtí. Oṣù Òkúdù ni mo mú, nígbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀, nítorí pé ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí le jù. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ọjọ́ náà kì í sì í ṣe ti ọkùnrin kan ṣoṣo. Bí ọjọ́ ti ń rí fún àwọn adẹ́mu tó wà nínú oko wa ni mo tò sílẹ̀ yìí.

Aago márùn-ún ìdájí

Ilẹ̀ kò tíì mọ́. Kí adẹ́mu tó bọ́jú, igbà ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Igbà yìí ni yóò gbé e títí oòrùn yóò fi wọ̀. Fọ́nrán imọ̀ ọ̀pẹ àti ìtàkùn ni wọ́n fi hun ún, ó nípọn, ó le, ó sì gùn tó láti yí ara ọ̀pẹ àti ìbàdí ènìyàn po. Àwọn mìíràn ti ń fi wáyà inú táyà ọkọ̀ kún tiwọn. Nínú òkùnkùn, ọwọ́ ń ríran ju ojú lọ. Àtàǹpàkò ló fi ń tẹ̀ ẹ́ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ó ń wá ibi tó ti rọ̀, ibi tí eku ti fẹnu kàn, ibi tí omi òjò ti wọ̀ tó sì ń jẹrà láti inú. Ibi ìdè ló ti ń pẹ́ jù, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ara rẹ̀ yóò gbára lé. Bí ibì kan bá mú un ṣe iyèméjì, kò ní gun ohunkóhun títí yóò fi tún ibẹ̀ hun.

Láti ọdún 2001 tí fóònù GSM ti wọ Nàìjíríà, òpó irin ti ń pọ̀ sí i lórí àwọn òkè wa. Ìlànà iṣẹ́ àwọn tó ń gùn wọ́n ni pé kí wọ́n de bẹ́líìtì mọ́ra, kí bẹ́líìtì náà ní ìkọ́ méjì, kí ọ̀kan máa di irin mú nígbà tí wọ́n bá ń tú èkejì. Ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ tí yóò máa wò wọ́n. Adẹ́mu kò ní ju igbà kan ṣoṣo lọ. Kò sí ọ̀gá tó ń bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rù ló ń bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fẹ́ kí òǹkàwé mú ọ̀rọ̀ yìí dání bí a ti ń lọ, nítorí pé a ti fi ẹ̀rù ṣe àlébù ọkùnrin láwùjọ wa. Ẹni tí ẹ̀rù kò bà ní ìdájí yìí ni yóò gbé igbà jíjẹrà kọ́ èjìká.

Aago mẹ́fà ààbọ̀

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Igbà wà léjìká rẹ̀, ọ̀bẹ mímú wà nínú àkọ̀, agbè kan àti kẹ́ẹ̀gì méjì wà lọ́wọ́. Ìrì ti rin ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Àwọn tó ń lọ sóko bá a pàdé lójú ọ̀nà, àdúrà ló sì wà nínú ìkíni wọn: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Igbà ò ní já o.” Ó ń dáhùn pé “Àṣẹ” láìdúró.

Kò jẹun yó. Ẹni tó yó kì í gun òkè dáadáa, wọ́n sì ti kọ́ ọ lọ́mọdé. Àwọn kan wà tí wọ́n ń mu ògógóró díẹ̀ láàárọ̀ kí àyà wọn lè le. Mo mọ̀ pé àṣà tó ti pẹ́ ni, ṣùgbọ́n n kò lè gbè é lẹ́yìn. Ọtí kì í mú kí ọ̀pẹ kúrú. Ohun tó ń mú kúrò ni ẹ̀rù tó yẹ kó sọ fún ẹsẹ̀ pé ibi tó fẹ́ tẹ̀ ń yọ̀. Òògùn tí àwọn mìíràn ń so mọ́ apá tún yàtọ̀. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀, bó bá ti lè tún igbà rẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn tó so ó tán.

Aago méje

Ó dé ìdí ọ̀pẹ àkọ́kọ́. Ó wò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọ̀pẹ kì í dẹ́kun gíga: lọ́dọọdún ó lè fi 30 sí 60 sẹ̀ǹtímítà kún gíga rẹ̀. Èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gùn nígbà tí kò tíì ga ju òrùlé ilé lọ, nígbà tí ewú bá ti ń yọ lórí rẹ̀, ọ̀pẹ náà ti di mítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Okun ń lọ sílẹ̀, igi ń lọ sókè. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tí mo mọ̀ ní ilẹ̀ wa tó ń le sí i lọ́dọọdún báyìí fún ẹni tó ń dàgbà lẹ́nu rẹ̀.

Ó fi igbà yí ọ̀pẹ ká, ó fi yí ìbàdí ara rẹ̀ ká, ó dè é, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ lé e nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé àtẹ́lẹsẹ̀ kan lé ara ọ̀pẹ, ó gbé èkejì. Ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú ìfẹ̀yìntì: bó bá fẹ̀yìn ti igbà, igbà á fún mọ́ ọ̀pẹ, ẹsẹ̀ á sì tẹ̀ mọ́ ọn ṣinṣin. Láti gòkè, yóò sún ara mọ́ ọ̀pẹ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, igbà á dẹ̀, yóò jù ú sókè, yóò tún fẹ̀yìn tì í kí ẹsẹ̀ tó gbéra. Ìgbà tí igbà dẹ̀ yẹn ni ewu wà, nítorí pé kò sí ohun tó dì í mú nígbà náà àyàfi ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ohun tó ṣòro jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni ìfẹ̀yìntì yìí. Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn lókè, ara rẹ̀ á fẹ́ dì mọ́ igi, á fẹ́ fi àyà àti apá méjèèjì gbá a mọ́ra. Ṣùgbọ́n bó bá dì mọ́ ọn, igbà á dẹ̀, ẹsẹ̀ á sì yọ̀. Adẹ́mu gbọ́dọ̀ kọ́ ara rẹ̀ láti ṣe òdìkejì ohun tí ara ń fẹ́: kó jìnnà sí igi kí igi lè gbà á. Bí ẹni tó jókòó sórí àga tí kò fojú rí ni, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí òfúrùfú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo yìí, kò sì sí ìtìjú kankan níbẹ̀.

Ẹ̀rù òkè kò mọ ojo, kò mọ akin. Ní ọdún 1960, Eleanor Gibson àti Richard Walk ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde. Wọ́n tẹ́ gíláàsì tó le sórí ibi jíjìn, wọ́n gbé ọmọ ọwọ́ 36 síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá ọmọ sì dúró ní òdìkejì tó ń pè é. Nínú àwọn tó rákò, 3 péré ló gba orí ibi jíjìn náà kọjá lọ bá ìyá wọn. Ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ ti mọ̀ pé ọ̀gbun kì í ṣe ibi ìrìn. Ohun mìíràn tún wà lára wa: ojú, inú etí àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń pawọ́ pọ̀ mú ènìyàn dúró ṣinṣin. Nílẹ̀, ojú ń rí ògiri, ó ń rí igi tó wà nítòsí, ó sì ń fi wọ́n wọn ìdúró rẹ̀. Lókè, gbogbo nǹkan jìnnà, ojú kò rí ohun tí yóò fi wọ̀n, ara á máa mì láìmọ̀, òòyì á sì kọ́ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà adẹ́mu fi ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé kó máa wo ara ọ̀pẹ tó wà níwájú rẹ̀. Wọ́n mọ ìtọ́jú òòyì náà kí ìwé tó sọ ọ́.

Aago mẹ́jọ

Ó ti dé abẹ́ imọ̀. Apá ọ̀tún ni Òkè Ayọ̀ba wà lókèèrè, òrùlé páànù ìlú Adó sì ń dán nínú oòrùn. Kò wò wọ́n pẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti kúrò lára ọ̀pẹ báyìí nítorí pé iṣẹ́ ń bẹ láti ṣe: ó gbọ́dọ̀ sọ agbè àná kalẹ̀, kó fi ọ̀bẹ bó ojú ibi tó ti dá òdòdó akọ ọ̀pẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, fẹ́ẹ́rẹ́ bí abala ìwé, kó sì gbé agbè mìíràn síbẹ̀. Bí kò bá bó o, ojú ọgbẹ́ náà á gbẹ, ẹmu á sì dẹ́kun sísun.

Ibí yìí ni ẹ̀rù ti yàtọ̀ sí ti ojú ọ̀nà. Oyin àti agbọ́n fẹ́ràn ẹmu bí àwa náà ti fẹ́ràn rẹ̀, ejò a sì máa gun ọ̀pẹ lọ wá eku àti ẹyin ẹyẹ. Ẹni tó bá pàdé agbọ́n nílẹ̀ lè sá. Ẹni tó wà nínú igbà ní mítà 15 kò lè sá, kò sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ lé wọn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n ta òun bí ó ti ń sọ igbà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ní ìgbésẹ̀ tó fi gùn ún gan-an. Adẹ́mu tó bá gbàgbé ara rẹ̀, tó gbá ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó lè parí síbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, n kò tún jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé agbára ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ìkóra-ẹni-níjàánu ló ń fẹ́.

Aago mẹ́wàá

Ó ti gun gbogbo ọ̀pẹ tòwúrọ̀, kẹ́ẹ̀gì ti kún, ọ̀kadà sì ti ń gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́mu. Kò sí àyè ìdúnàádúrà gígùn. Láti ìgbà tí ẹmu ti ń kán sínú agbè ni ìwúkàrà tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára agbè ti ń bá a ṣiṣẹ́: láàárọ̀ ó dùn, tó bá di ọ̀sán ó ń hó, ó sì ń pani, tó bá fi di ọjọ́ kejì ó ti kan. Ìyára yìí ló ń lé adẹ́mu sókè. Àgbẹ̀ tó gbin iṣu lè fi ìkórè sílẹ̀ di ọ̀la bí òjò bá rọ̀. Ẹmu kò ní ọ̀la, ọgbẹ́ ọ̀pẹ kò sì mọ̀ pé ara ọ̀pẹ ń yọ̀. Ó gbọ́dọ̀ gòkè láàárọ̀, kó tún gòkè nírọ̀lẹ́, lójoojúmọ́ tí ọ̀pẹ bá ń sun.

Aago méjìlá ọ̀sán

Òjò dé. Ó sá sínú ahéré. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú, àwọn kan wá láti ìpínlẹ̀ Benue, òjò kan náà ló kó gbogbo wọn jọ sábẹ́ òrùlé kan.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ àti òkè kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ yìí. Àwọn babaláwo a máa ka Adó mọ́ ibi tí Ọ̀rúnmìlà gbé, wọ́n sì ń pìtàn pé nígbà tí inú bí i sí ọmọ rẹ̀ tó kọ̀ láti kí i, ìdí ọ̀pẹ ló gbà lọ sọ́run, ikin ló sì fi rọ́pò ara rẹ̀ fáwọn ọmọ. Nínú ìwé tí Amos Tutuola gbé jáde lọ́dún 1952, ikú adẹ́mu ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìrìn àjò náà: ó gun ọ̀pẹ gíga lọ́jọ́ Àìkú nírọ̀lẹ́, ó sì jábọ́. Ọmọ Òkè-Mẹ̀sí ní Èkìtì yìí, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ló sọ ìtàn náà di eré orí ìtàgé ní èdè Yorùbá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Lánkẹ́ Ọ̀mùtí. Ọ̀mùtí gba ọ̀run lọ láti wá adẹ́mu rẹ̀ padà. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ohun kan ló ń dùn mí níbẹ̀: ẹmu ló ṣọ̀wọ́n fún ọ̀mùtí kó tó rántí ọkùnrin náà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwa náà ń ṣe.

Aago méjì

Òjò dá. Igi ṣì tutù, wọn kò sì ní gun ọ̀pẹ gíga títí afẹ́fẹ́ yóò fi fẹ́ sí i lára. Àkókò ọmọ iṣẹ́ nìyí. Ọ̀pẹ kúkurú kan wà lẹ́yìn ahéré. Ọmọ náà de igbà, ó gun ìgbésẹ̀ díẹ̀, ó sì dì mọ́ igi. Orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí.” Àgbà tó mọṣẹ́ kì í bú u. Yóò ní, “Èmi náà ń bẹ̀rù rẹ̀. Fẹ̀yìn ti igbà.” Bó bá fẹ̀yìn tì í, tí orúnkún rẹ̀ sì dákẹ́, wọ́n á ní kó sọ̀ kalẹ̀, kó tún gùn ún. Bí kò bá lè fẹ̀yìn tì í, wọ́n á ní kó sọ̀ kalẹ̀, kó lọ jẹun.

Àwọn kan ń fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ nírú àkókò yìí, wọ́n á ní ọmọ obìnrin ni. Ìwà burúkú ni. Ọmọ tí wọ́n fi ìtìjú lé gòkè ti kọ́ láti fi ẹ̀rù rẹ̀ pamọ́, ẹ̀rù tí a fi pamọ́ kò sì lè bá ènìyàn yẹ igbà wò ní ìdájí.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́

Ìgùn kejì bẹ̀rẹ̀. Itan ti wúwo, àtẹ́lẹsẹ̀ ti rọ̀ nítorí omi, ewéko tó hù sára ọ̀pẹ sì ti mu òjò yó. Ní ọ̀pẹ kẹta, bó ti fẹ́ ju igbà sókè, ẹsẹ̀ òsì yọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lójijì tó ìwọ̀n apá kan, igbà ha mọ́ kùkùté imọ̀ àtijọ́ kan, ó sì dúró. Irú èyí kì í ṣe ìròyìn láàárín wọn. Ó fẹ̀yìn tì í, ó mí, ó wo ara ọ̀pẹ, ó dúró títí àyà rẹ̀ fi rọlẹ̀.

Bí kùkùté náà kò bá sí ńkọ́? Láti mítà 15, kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì kí ènìyàn tó kan ilẹ̀, ìyára rẹ̀ á sì ti tó 60 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ tàbí ìdí balẹ̀, egungun ẹ̀yìn ló sábà máa ń gba ìyókù. Nínú àkọsílẹ̀ àwọn dókítà Nàìjíríà lórí ọ̀pá ẹ̀yìn tó ṣẹ́, jàǹbá ọkọ̀ ló sábà máa ń ṣíwájú, ìjábọ́ láti ibi gíga a tẹ̀lé e, àwọn tó já látorí ọ̀pẹ kì í sì í ṣàìsí nínú wọn. Okùn iṣan tó gba inú egungun náà kọjá kì í hù padà bó bá ti já. Ọkùnrin tó gun ọ̀pẹ láàárọ̀ lè máà rìn mọ́ láyé, kó máà mọ ìgbà tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, kí egbò ìdùbúlẹ̀ sì máa jẹ ẹ́ nídìí. Ìyàwó rẹ̀ ni yóò di nọ́ọ̀sì, ọmọ rẹ̀ ni yóò fi ilé ìwé sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni egungun ṣẹ́ tí okùn inú rẹ̀ kò tíì já. Àwa tó sáré dé ìdí ọ̀pẹ la ń parí rẹ̀. Ẹnì kan á di apá mú, ẹnì kan á di ẹsẹ̀ mú, ọrùn á máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n á jókòó tì í láàárín ènìyàn méjì lórí ọ̀kadà, ó di ìlú. Ìfẹ́ ló wà nínú gbogbo rẹ̀. Ìfẹ́ náà ló sì ń ba ohun tó kù jẹ́.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́

Ó ku ọ̀pẹ kan. Òun ló ga jù, ìmọ́lẹ̀ sì ti ń dín kù. Bó bá fi í sílẹ̀, owó ọjọ́ náà á dín, ọgbẹ́ ọ̀pẹ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ó dúró nídìí rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án, ó ká igbà rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ilé. Nínú gbogbo ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà, èyí ni mo bọ̀wọ̀ fún jù. Kò sí ẹni tó rí i, kò sí ẹni tó máa yìn ín.

Aago mẹ́jọ alẹ́

Ní Adó, agbo ti pé nílé ẹlẹ́mu. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi kù sí. Ẹ bá àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ yín àti àwọn aṣòfin yín sọ̀rọ̀ kí wọ́n forúkọ àwọn adẹ́mu àti akọpẹ sílẹ̀ nínú ètò ìbánigbófò ìlera ìjọba Èkìtì, ìbáà jẹ́ ọmọ ìlú, ìbáà jẹ́ àlejò. Ẹ̀yin ẹlẹ́mu, bí ẹ bá ń ra ẹmu lọ́wọ́ ẹnì kan lọ́dọọdún, ẹ dáwó jọ ra okùn ààbò kejì fún un, kó máa de é mọ́ ọ̀pẹ nígbà tó bá ń ju igbà. Ẹ̀yin olóko, ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ NIFOR nítòsí Benin ti wà láti 1939, ọ̀pẹ tó ti ibẹ̀ jáde sì wà tí a lè kórè rẹ̀ láti ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ gbìn ín, kí ọ̀pẹ gíga àwọn bàbá wa lè sinmi.

Bí adẹ́mu bá sì jábọ́ lójú yín, ẹ má gbé e lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, ẹ má gbé e jókòó, ẹ má sì gbé e sórí ọ̀kadà. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú kó má mì. Ẹ wá pákó tàbí ilẹ̀kùn, kí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún yí i lẹ́ẹ̀kan náà sórí rẹ̀, kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ wà lójú ìlà kan, ẹ so ó mọ́ ọn, ẹ sì wá ọkọ̀ tó lè gbé e ní ìdùbúlẹ̀. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà ní Adó níhìn-ín. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ, kí ẹ tó ronú kan ẹnikẹ́ni tó ń to eegun.